Orúnkún Ọmọlúàbí

Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti wà lókè. Kòfo, tó máa ń gbé e sókè fún wọn, ti gbé e síbi tó yẹ gan-an, nítòsí àwọ̀n, kò ga jù, kò sì lọ sílẹ̀ jù. Ìpele karùn-ún ni, ayò mẹ́rìnlá sí mẹ́tàlá, ẹgbẹ́ Ìjì Òkè-Ọ̀sà ló sì wà níwájú. Ayò kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n gba ife tí ọwọ́ wọn kò tẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Morẹ́nikéjì sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ju apá méjèèjì sẹ́yìn, ó fẹ́ fò. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá arúgbó kan tó jókòó ní ìlà àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì fi gbogbo ìfẹ́ inú rẹ̀ sọ pé, "Morẹ́nikéjì, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o."

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ká wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láàrin pápá, lójú gbogbo ayé, bọ́ọ̀lù sì kọjá lórí rẹ̀, ó balẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ayò di mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá. Kò sì lè dìde. Bí wọ́n ṣe ṣe orúnkún náà nìyẹn: tó bá ti kúnlẹ̀ fún àgbà, àfi kí àgbà ọ̀hún ní kó dìde. Ẹnu ti ya bàbá arúgbó, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ. Kòfo ké sí rẹfirí pé kó dá eré dúró, rẹfirí ní kò sí òfin tó ní kí òun dá eré dúró nítorí ẹni tó ń kí àgbàlagbà. Àwọn Àpáta Ìdànrè ju bọ́ọ̀lù wọlé sí apá ibi tí Morẹ́nikéjì kúnlẹ̀ sí, wọ́n tún jù ú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí bàbá fi rántí wí pé, "Háà, dìde, ọmọ mi," eré ti parí.

Àṣekágbá ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbá a, ẹgbẹ́ tó bá borí ẹ̀ẹ̀mejì ló ni ife. Òkè-Ọ̀sà ti borí ní àkọ́kọ́. Wọ́n ti wá fi ìkúnlẹ̀ pàdánù ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta ku ọ̀sẹ̀ kan, Morẹ́nikéjì sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọdún méjìlá ló ti fi bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dé àṣekágbá tó pàdánù, ẹgbẹ́ sì ti sọ fún un pé bí ọdún yìí bá parí, àwọn ọmọdé ni wọn yóò máa lò. Bí kò bá gba ife yìí, kò ní gba ife kankan mọ́ láyé.

Kí a tó máa bínú sí bàbá arúgbó, ó yẹ kí a mọ ohun tó fà á, nítorí pé ẹjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ní ayé tí mo ń sọ yìí, omi ọ̀sà ti gba ilẹ̀ àtijọ́, àwọn ará Òkè-Ọ̀sà sì ti kọ́ ilé wọn sórí òpó irin gíga, wọ́n fi awo-agboòrùn tó ń fún wọn ní iná bo òrùlé rẹ̀, ọkọ̀ wọn kì í sì í fara kan ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ a máa gbin egungun sínú ìkòkò gíláàsì bí ìgbà tí ènìyàn bá gbin ẹ̀fọ́. Bó bá ti dàgbà tó, wọn a fi òye-àtọwọ́dá sínú rẹ̀, wọn a sì gbé e wọ ara ẹni tó nílò rẹ̀. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni orúnkún tí wọ́n bí mọ́ Morẹ́nikéjì fọ́ yángá lórí pápá. Àwọn dókítà ní kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọ̀mọ̀wé Adérọ́pò nìkan ló ní kó fara balẹ̀, òun ló sì gbin méjì tuntun fún un. Egungun náà gbà, ó wọnú ara, ó di ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ mọ́ àyàfi tó bá fẹ́ gé ẹsẹ̀ sọnù. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní kò ní fò mọ́ wá ń fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn orúnkún tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, kó tó kan ti Morẹ́nikéjì, ní àbùkù kan. Wọn kì í ká délẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá ń kí ìyá ọkọ wọn lórí ìdúró gbagidi bí òpó iná, ìlú sì gbóná. Ìgbìmọ̀ Ìwà, ìyẹn àwọn àgbà mẹ́sàn-án tó máa ń lu òǹtẹ̀ lu gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ bá ṣe kó tó jáde, dá orúnkún náà padà. Olórí Ìgbìmọ̀ nígbà náà ni Olóyè Wúràọlá, tó jẹ́ ìyá àgbà Morẹ́nikéjì fúnra rẹ̀, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ní ohun tí kò bá lè kúnlẹ̀ kì í ṣe orúnkún, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni.

Adérọ́pò lọ tún un ṣe. Ó fi etí kékeré kan sínú rẹ̀, etí tó lè gbọ́ ohùn kó sì mọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ohùn náà. Bí ẹni tó fi ogún ọdún ju ènìyàn lọ bá kí i tàbí tó bá pe orúkọ rẹ̀, orúnkún yóò kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú àwọn àgbà dùn gan-an. Ọkùnrin náà kàn bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kékeré kan.

"Ẹ jẹ́ kí etí náà máa sùn tí wọ́n bá wà lórí pápá, mà. Wákàtí méjì péré."

"Lónìí pápá, lọ́la ọ́fíìsì, lọ́túnla ilé ọkọ," ni Olóyè Wúràọlá dáhùn. "Ohun tí ẹ bá kọ́ láti sùn, ta ni yóò rántí jí i?"

"Bí àgbà bá wá pè é nígbà tó ti fò sókè ńkọ́, mà?"

"Kó sọ̀ kalẹ̀ wá dáhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n sì fúnra wọn sọ ọ́ ní Orúnkún Ọmọlúàbí, irú rẹ̀ ni wọ́n sì gbé wọ Morẹ́nikéjì. Ẹ jẹ́ kí n má tilẹ̀ sọ ti àwọn ọkùnrin, torí ti àwọn yẹn dídọ̀bálẹ̀ ni. Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kan wà ní Òkè-Ọ̀sà kan náà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé rẹ̀ nítorí pé bàbá ìyàwó rẹ̀ kí i, bọ́ọ̀lù sì yí gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá wọlé.

Ohun tí ojú Morẹ́nikéjì rí láti ọdún márùn-ún kì í ṣe kékeré. Kóòṣì wọn, Rájí, ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí eré bá ń lọ. Pátákó kan ló máa ń gbé kọ́rùn, tí yóò máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sí i, ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì dára. Wọ́n ti fi òwú dí orúnkún náà, wọ́n ti fi fóòmù wé e, kò gbọ́, torí inú egungun ni etí ọ̀hún ti ń gbọ́ràn. Ní gbọ̀ngàn tiwọn nílé, ibi gíga lókè ni wọ́n ń fi àwọn àgbà sí, ohùn wọn kì í sì í tètè délẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn àṣekágbá jẹ́ ibi tí wọ́n ti mọyì àgbà, ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Kóòṣì Rájí ti ní kí wọ́n kéde pé kí àwọn àgbà jọ̀wọ́ má ṣe kí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ta ló fẹ́ sọ fún Yorùbá tó ti dàgbà pé kó má kí ènìyàn tó rí lẹ́nu iṣẹ́? Ìkéde yẹn ló tiẹ̀ bí àwọn kan nínú tí wọ́n fi kí i sí i.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pàdánù, Morẹ́nikéjì gba ilé ìyá àgbà rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ lọ jà ni, kí a má parọ́. Inú ọkọ̀ ló ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ, èyí tó máa fi ṣáájú àti èyí tó máa fi kádìí rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, kò tíì la ẹnu.

"Morẹ́nikéjì, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Ó kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò wá túká mọ́ ọn lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi, báwo ni ènìyàn ṣe ń bá àgbà jà lórí ìkúnlẹ̀? Ojú Olóyè Wúràọlá ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta, iṣan ojú náà ti kú, ojú àtọwọ́dá kò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú láti orí àga rẹ̀, ọwọ́ náà bá orí ọmọ rẹ̀ níbi tó máa ń wà. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀, ó fi kan àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú orí rẹ̀ láti kékeré, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ọwọ́ lé àárín orí rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni Morẹ́nikéjì ti ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà òun ṣì lẹ́nu nínú Ìgbìmọ̀, kó jọ̀ọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí etí náà sùn fún ọjọ́ kan, fún eré kan ṣoṣo. Ìyá àgbà ní rárá. Ó ní tí wọ́n bá ṣe é fún ọmọ òun, gbogbo ìlú ni yóò tò sẹ́nu ọ̀nà lọ́la.

"Ọdún méjìlá, mà," ni Morẹ́nikéjì wí. "Ọ̀tẹ̀ yìí ló parí. Ẹ fẹ́ kí n lọ sílé lọ́wọ́ òfo nítorí 'o kú iṣẹ́'?"

Ìyá àgbà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún pa á dé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọmọ náà.

"Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, kì í ṣe ogun. Dìde, lọ jẹun. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò."

Kò jẹ ìrẹsì kankan. Ọ̀dọ̀ Ọ̀mọ̀wé Adérọ́pò ló gbà lọ. Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tó wá fún, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó ní òun lè gé etí náà kúrò, ìdajì wákàtí ni, òfin sì fún ẹni tó ni ẹsẹ̀ láyè láti ṣe é. Àmọ́ nígbà tí òun ń ṣe é, kí Ìgbìmọ̀ má baà tún dá a padà, òun hun etí àti ìkúnlẹ̀ pọ̀ sórí okùn kan ṣoṣo ni. Tí òun bá gé ọ̀kan, òun ti gé èkejì. Orúnkún náà yóò máa sáré, yóò máa fò, yóò lè jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n kò ní lè délẹ̀ mọ́.

"Títí láé?"

"Títí láé ni. Ẹ tiẹ̀ bi ìyá àgbà yín léèrè ná."

"Mo ti bi wọ́n," ni Morẹ́nikéjì fèsì. "Ẹ gé e, sà. Ìkúnlẹ̀ yẹn ti tó mi láyé yìí. Mo ti kúnlẹ̀ fún onífọ́tò, mo ti kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì lọ́jọ́ kan torí bàbá arúgbó ló ń ka ìròyìn tó sì dárúkọ mi. Kò sí ẹni tó máa ní kí n dìde nínú rédíò, sà. Kòfo ló lọ bẹ bàbá náà wá láti ilé iṣẹ́ rédíò."

Adérọ́pò gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó gé e lọ́jọ́ náà. Kò dun Morẹ́nikéjì rárá, ìyẹn sì yà á lẹ́nu díẹ̀.

Ọjọ́ ẹ̀kẹta pé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Àwọn àgbà wà ní ìlà àkọ́kọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bàbá arúgbó ọjọ́sí náà wà láàrin wọn. Àwọn Àpáta Ìdànrè kì í ṣe ẹran rírọ̀, wọ́n gba ìpele méjì, Òkè-Ọ̀sà náà gba méjì. Ó tún di ìpele karùn-ún, ó tún di mẹ́rìnlá sí mẹ́tàlá. Kòfo gbé bọ́ọ̀lù sókè. Morẹ́nikéjì sáré bọ̀, bàbá sì dìde lórí ìjókòó rẹ̀, bóyá láti bẹ̀bẹ̀ fún ti ọjọ́sí ni o, ó pariwo pé, "Morẹ́nikéjì, ọmọ mi, má bínú o."

Morẹ́nikéjì gbọ́ ọ dáadáa. Orúnkún rẹ̀ kò gbọ́. Ó fò, ó ga títí àwọ̀n fi wà nísàlẹ̀ àyà rẹ̀, ó sì na bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ láàrin àwọn ọmọ Ìdànrè méjì tó na ọwọ́ sókè láti dí i. Ìdajì gbọ̀ngàn dìde. Kóòṣì Rájí ju pátákó rẹ̀ sọnù, ó sáré wọ pápá, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún, ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Morẹ́nikéjì sunkún ayọ̀. Nígbà tó wo ìlà àkọ́kọ́, ó rí bàbá arúgbó tó ti jókòó padà, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan, tí kò wo ẹnì kankan. Ó fẹ́ lọ kí i. Wọ́n ti gbé e sọ́rùn kó tó rìn débẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ló gbé ife lọ sílé ìyá àgbà rẹ̀. Kò wá jà lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun á gbé e sí i lọ́wọ́ kó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Morẹ́nikéjì!" Olóyè Wúràọlá ti gbọ́ nínú rédíò, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú, ó gbé e dúró níbi tí orí máa ń wà. Kò bá nǹkan kan. Ọwọ́ náà lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, ó fara kan aṣọ lẹ́bàá itan. "Ibo lo wà?"

Morẹ́nikéjì gbé ife sílẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn ba, ó fi orí sísàlẹ̀ títí irun rẹ̀ fi kan ọwọ́ ìyá náà. Ọwọ́ náà kan irun, ó dúró. Ó kan èjìká tó yẹ kó wà nísàlẹ̀, òkè ló wà.

"O ń rọ̀ bí aṣọ orí okùn. Dìde, ẹ̀yìn á máa dùn ọ́." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Wọ́n gé e, àbí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e, mà."

"Kò ṣeé so padà?"

"Kò ṣeé so padà, mà." Ìbínú ọjọ́ pípẹ́ sì gùn ún lójijì, torí ó ti rí i pé ojú ìyá náà ti yí padà, kò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bi òun. "Wákàtí méjì péré ni wọ́n bẹ̀ yín fún, mà. Ẹ ì bá jẹ́ kó sùn, gbogbo èyí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀."

"Kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀."

Morẹ́nikéjì yíjú sí i.

"Lọ́jọ́ tí Adérọ́pò wá síwájú wa, ojú mi ọ̀tún ti lọ. Tòsì ń tẹ̀ lé e. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọn kò ní jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ mọ́. Mo wá ń rò ó pé tí òkùnkùn bá dé tán, báwo ni n ó ṣe rí ọmọ mi? Mo ní kí n ṣáà máa pe orúkọ rẹ, kí orí rẹ fúnra rẹ̀ wá bá ọwọ́ mi, kí n má máa táràrà kiri inú ilé." Ó nu ẹnu rẹ̀ nù. "Ọ̀wọ̀ ni mo fi bò ó. Gbogbo wọn ló gbà, torí ta ló máa ní òun kò fẹ́ ọ̀wọ̀?"

"Ẹ ì bá ti sọ fún mi, mà. Lọ́jọ́sí, ẹ ì bá ti sọ."

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ojú tì mí."

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà wá ọ̀pá rẹ̀ kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, díẹ̀díẹ̀, orúnkún tirẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn ń gbọ̀n.

"Jókòó sórí àga mi," ni ó wí.

"Ẹ má dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Jókòó ná. Ṣé n kò ní súre fún ọmọ tó gba ife ni?"

Morẹ́nikéjì jókòó sórí àga àgbà, àgbà sì dúró níwájú rẹ̀. Bí aládùúgbò bá wọlé lásìkò yẹn, ojú yóò ti gbogbo ilé náà. Ọwọ́ Olóyè Wúràọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó kan apá àga, ó kan èjìká, ó gba ọrùn gòkè, ó dé etí, ó dé ibi àpá, ó wá gbé e lé àárín orí rẹ̀ níkẹyìn.

"Morẹ́nikéjì," ni ó pè é, bó ṣe máa ń pè é.

Ó dúró kí orúnkún rẹ̀ fà á sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi kórìíra fífà yẹn, kò sí ọjọ́ tí kò ṣépè fún un. Ìyá àgbà rẹ̀ tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú gbogbo ohùn tó kù ú kù. Ẹsẹ̀ Morẹ́nikéjì wà nílẹ̀ níbi tó wà, kò mira.